Bí Ẹ Ṣe Lè Gbé Iṣẹ́ Àwọn Oníṣẹ́ Ọnà Abẹ́òkúta Kọ́ Sínú Ilé Oúnjẹ Yín

Ilé oúnjẹ tó bá wà ní Abẹ́òkúta, láti Pánṣẹ́kẹ́ títí dé Òkè-Ìléwó, ògiri ibẹ̀ kì í sábà ṣófo. Bí kì í bá ṣe kàlẹ́ńdà ìjọ ló wà níbẹ̀, àwòrán òdòdó tí wọ́n fi ẹ̀rọ tẹ̀ ni, irú èyí tí wọ́n ń tà tòun ti fúrémù lẹ́bàá títì. Bẹ́ẹ̀, ìlú aláró ni ìlú yìí, ìlú agbẹ́gilére sì ni. Ère ìbejì tí wọ́n gbẹ́ ní agbo ilé Adúgbológe níbí wà nínú mùsíọ́mù òkè òkun. Àwọn ọmọ tó ń kọ́ iṣẹ́ ọnà ní ilé ẹ̀kọ́ gíga MAPOLY l'Ójéèrè àti ní kọ́lẹ́ẹ̀jì Ọ̀ṣíẹ̀lẹ̀ ń jáde lọ́dọọdún, púpọ̀ nínú wọn ló sì ń ki kánfáàsì bọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì nítorí pé kò síbi tí wọ́n lè gbé e sí kí èèyàn rí i. Ẹ̀yin lẹ ní ògiri, ẹ̀yin lẹ ní èrò. Ọ̀nà tí ẹ óò gbà ṣe é tí ẹnikẹ́ni ò fi ní pàdánù, òun ni mo fẹ́ tò sílẹ̀ níbí.

Kí a tó rìn jìnnà, ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí mo dúró sí. Bí ẹ ṣe ń ṣe sí ìyá tó ń kó ìrẹsì ọ̀fadà wá fún yín ni kí ẹ ṣe sí oníṣẹ́ ọnà. Ẹ ò lè sọ fún ìyá yẹn pé, “Ẹ gbé ìrẹsì sílẹ̀, a ò ní sanwó, ṣùgbọ́n gbogbo ìlú á mọ̀ pé tiyín ni.” Kò ní dúró gbọ́ ọ tán. Ṣùgbọ́n ojoojúmọ́ ni wọ́n ń sọ irú ọ̀rọ̀ yẹn fún ọmọ tó ń ya àwòrán.

Ẹ wo ilé yín kí ẹ tó wá ẹnikẹ́ni

Ẹ rìn yí gbọ̀ngàn yín ká lẹ́ẹ̀mejì: lọ́sàn-án gangan, àti lálẹ́ nígbà tí èrò bá kún. Lọ́sàn-án, ẹ wo ibi tí oòrùn ń gbà wọlé. Ògiri tí oòrùn ń ta lé lórí ní tààrà kì í ṣe ibi tí àdìrẹ aláró, àwòrán oníomi tàbí fọ́tò lè gbé. Yóò ṣá, kò sì sí bí wọ́n ṣe lè dá àwọ̀ rẹ̀ padà. Lálẹ́, ẹ wo bí àwọn tó ń gbé oúnjẹ ṣe ń kọjá, ibi tí ẹ̀yìn àga ti ń ha ògiri, ibi tí àwọn ọmọdé máa ń fọwọ́ ọbẹ̀ gbá.

Èéfín àti òróró ni ọ̀tá tó burú jù nílé oúnjẹ, nítorí pé èèyàn kì í rí i. Ẹ mú tíṣù funfun, kí ẹ fi nu ògiri níbi tí ẹ ní lọ́kàn. Bí tíṣù bá pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, tó sì ń lẹ̀ mọ́ ọwọ́, òróró ọbẹ̀ ayamáṣẹ yín ti ń dé ibẹ̀. Ẹ gbé iṣẹ́ kúrò lápá ibẹ̀, àfi bí ó bá jẹ́ èyí tí gíláàsì bò. Bákan náà ni ibi tí ẹ́sì (A.C.) ń kán sí, ẹ̀gbẹ́ ilé ìgbọ̀nsẹ̀, àti fèrèsé tó kọjú sí jẹnẹrétọ̀. Lásìkò òjò, ẹ tún wo ìsàlẹ̀ ògiri. Bí ọ̀dà bá ń wú, tó ń bó, omi ń fà gòkè láti ìpìlẹ̀ nìyẹn, fúrémù tó bá sì fara ti irú ògiri bẹ́ẹ̀ yóò hu olú látẹ̀yìn.

Lẹ́yìn èyí, ẹ ka iye ibi tó kù. Bí gbọ̀ngàn yín ò bá tóbi, iṣẹ́ márùn-ún tàbí mẹ́fà ti tó. Ilé tí wọ́n gbé ogún àwòrán kọ́ sí, kò sẹ́ni tó máa ń wo ọ̀kan nínú wọn.

Irú iṣẹ́ tó lè gbé nílé oúnjẹ

Àwòrán ọlọ́dà lórí kánfáàsì ló rọrùn jù: ó lágbára, èèyàn sì lè fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ gbígbẹ gbọn eruku ara rẹ̀. Èyí tó bá wà lórí bébà, ìbáà jẹ́ ti pẹ́ńsùlù tàbí ti oníomi, dandan ni gíláàsì fún un. Ère igi dára púpọ̀ lórí pẹpẹ kékeré tí ọwọ́ ọmọ ò tó, ṣùgbọ́n ẹ yẹ abẹ́ rẹ̀ wò dáadáa kó tó wọlé. Bí ẹ bá rí ihò tíntìntín pẹ̀lú ìyẹ̀fun igi tó ń dà sílẹ̀, kòkòrò wà nínú rẹ̀, àga àti tábìlì yín ló sì máa kàn. Ẹ rántí pé ọyẹ́ máa ń sán igi tí kò gbẹ dénú.

Ọ̀rọ̀ àdìrẹ ni mo fẹ́ fẹ̀ díẹ̀, nítorí òun ni ìlú yìí fi ń yangàn. Àdìrẹ oníko ni wọ́n ń fi ìko dì, alábẹ́rẹ́ ni wọ́n ń rán kí wọ́n tó rẹ ẹ́, ẹlẹ́kọ sì ni wọ́n ń fi ẹ̀kọ láfún yàwòrán sí pẹ̀lú ìyẹ́ adìẹ tàbí páànù tí wọ́n gé, kí aró má bàa wọ ibẹ̀. Láfún yìí kan náà lẹ̀ ń rò fún oníbàárà yín! Ilé oúnjẹ Ẹ̀gbá tó bá gbé àdìrẹ ẹlẹ́kọ kọ́ sókè orí àwo láfún àti ewédú ti ní ìtàn tó lè sọ fún àlejò láìwá a lọ ibì kankan.

Ṣùgbọ́n ayédèrú pọ̀. Aṣọ tí ẹ̀rọ tẹ̀ ní àwòrán àdìrẹ kún ọjà, ó sì wà ní Ìtòkú, ọjà àdìrẹ ìlú yìí, pàápàá. Ẹ yí aṣọ náà padà sẹ́yìn. Èyí tí wọ́n rẹ lọ́wọ́, àwọ̀ rẹ̀ wọlé dé ẹ̀yìn. Èyí tí ẹ̀rọ tẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ máa ń ṣá jù ojú lọ. Ẹ tún wo ọnà inú rẹ̀: bí gbogbo rẹ̀ bá rí bákan náà gẹ́lẹ́ láti etí dé etí, tí kò sí èyí tó tóbi jura wọn lọ bí irun ṣe mọ, ọwọ́ èèyàn kọ́ ló ṣe é. Kí ẹ tó gbé ojúlówó kọ́, ẹ ní kí aládìrẹ fọ̀ ọ́ títí omi rẹ̀ yóò fi mọ́. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, aró yóò ràn mọ́ ògiri funfun yín.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà tó yẹ kí ẹ pinnu ṣáájú: àwòrán ìhòòhò, àti àwòrán egúngún tàbí òrìṣà. Ilé yín ni, ẹ̀yin lẹ mọ irú oníbàárà tí ẹ ní. Ti ìhòòhò, mi ò ní jà sí i bí ẹ bá kọ̀ ọ́ nílé tí ìdílé ń kó ọmọ wá jẹun. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ní òun ò fẹ́ nǹkan kan tó jọ mọ́ òrìṣà rárá ti lé ìdajì iṣẹ́ ọnà Yorùbá síta, ẹ má sì jẹ́ kí ẹni tó ru ère wá láti ọ̀nà jíjìn ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ ọ lẹ́nu ọ̀nà yín. Ẹ sọ ọ́ fún un kó tó gbéra nílé.

Wíwá wọn

Ẹ̀yin ni kí ẹ lọ bá wọn. Ẹ lọ sí Ìtòkú, ẹ lọ sí ìdí Àpáta Olúmọ níbi tí wọ́n ti ń tajà fún àlejò, ẹ béèrè ẹ̀ka iṣẹ́ ọnà l'Ójéèrè àti l'Ọ́ṣíẹ̀lẹ̀, pàápàá nígbà tí àwọn tó ń ṣe àṣekágbá bá ń pàtẹ iṣẹ́ wọn. Àwọn ọ̀dọ́ wà lórí Instagram, àwọn àgbà ò sí níbẹ̀. Ẹni tó bá fi fóònù nìkan wá oníṣẹ́ ọnà l'Abẹ́òkúta yóò pàdánù àwọn ìyá tí ọwọ́ wọn mọ́ jù.

Bí ẹ bá sì dé ọ̀dọ̀ wọn, ẹ kí wọn bí wọ́n ṣe ń kí oníṣẹ́.

“Àrẹdú o! Ẹ kú iṣẹ́ o, mà.”

“Adúpẹ́ o, ọmọ mi. Ẹ wọlé.”

“Mo ní ilé oúnjẹ kan ní Ìbarà, mà. Mo fẹ́ kí iṣẹ́ yín wà lára ògiri mi fún oṣù méjì. Iye tí ẹ bá dá lé e la máa tà á.”

“Bí wọ́n bá da epo sí i ńkọ́? Ta ló máa san án?”

Ẹ ti ní ìdáhùn sí ìbéèrè yẹn kí ẹ tó kúrò nílé. Ìdáhùn náà ni: “Èmi ni, mà.” Ẹni tí kò bá lè sọ ọ́ kò tíì ṣe tán láti gbé iṣẹ́ ẹlòmíràn kọ́.

Owó

Ọ̀nà mẹ́ta ló wà. Èkíní, kí ẹ ra iṣẹ́ náà pátápátá, kó di tiyín. Èyí ló mọ́ jù, owó rẹ̀ ló sì wúwo jù. Èkejì, kí ẹ yá a, kí ẹ máa san nǹkan díẹ̀ lóṣooṣù fún oníṣẹ́ ọnà nítorí pé iṣẹ́ rẹ̀ ń ṣe ilé yín lọ́ṣọ̀ọ́. Èyí ṣọ̀wọ́n lọ́dọ̀ wa, ó sì ń dùn mí, torí pé kò wọ́n tó bí àwọn kan ṣe rò. Ẹ̀kẹta ló wọ́pọ̀: kí wọ́n gbé e wá fún títà, kí ẹ mú kọmíṣọ̀n bí ó bá tà.

Gálárì, ìyẹn ilé tí wọ́n ti ń pàtẹ iṣẹ́ ọnà fún títà, tó bá jẹ́ gálárì gidi, máa ń mú tó 40 sí 50 nínú 100. Ẹ má fi ìyẹn ṣe àwòkọ. Iṣẹ́ tiwọn ni láti wá olówó tó ń ra àwòrán, kí wọ́n tẹ ìwé nípa rẹ̀, kí wọ́n gbé e rìn. Ẹ̀yin, ẹ̀bà lẹ̀ ń tà. Lójú tèmi, 15 sí 25 nínú 100 ló bójú mu. Ká ní ayàwòrán dá ₦80,000 lé iṣẹ́ rẹ̀, tí kọmíṣọ̀n yín sì jẹ́ 20 nínú 100: ₦16,000 ni tiyín, ₦64,000 ni tirẹ̀. Fún akẹ́kọ̀ọ́ tó ń pàtẹ fún ìgbà àkọ́kọ́, ó dára bí ẹ ò bá mú kọ́bọ̀. Oúnjẹ ọ̀fẹ́ fún oníṣẹ́ ọnà dára pẹ̀lú, èmi ò kọ ìrẹsì, ṣùgbọ́n kì í dípò owó.

Ní Abẹ́òkúta, wọ́n máa ná an. Ẹni tó jẹun tán, tó ń ta eyín, yóò wo àwòrán ₦80,000, yóò ní òun fẹ́ san ₦30,000. Nítorí náà, ẹ ti jọ fẹnu kò lórí iye tí kò gbọ́dọ̀ wálẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Kò sẹ́ni tó láṣẹ láti ta á sábẹ́ iye yẹn láì pe ẹni tó ni iṣẹ́, bó ti wù kí oníbàárà náà jẹ́ èèyàn ńlá tó.

Ibi tí owó ń gbà kọjá ló máa ń ba irú nǹkan yìí jẹ́. Oníbàárà á san owó oúnjẹ àti owó àwòrán pọ̀ sínú àkáǹtì kan, ilẹ̀ á mọ́, wọ́n á fi ra ẹran àti gáàsì, oníṣẹ́ ọnà á bẹ̀rẹ̀ sí í pe fóònù. Ohun tí mo fara mọ́ ni pé kí ẹni tó ra iṣẹ́ fi owó ránṣẹ́ sí àkáǹtì oníṣẹ́ ọnà ní tààrà, kí òun náà fi kọmíṣọ̀n yín ránṣẹ́ lọ́jọ́ náà. Ṣé ó lè jẹ owó yín? Ó lè ṣẹlẹ̀. Ṣùgbọ́n ₦16,000 tó bọ́ lọ́wọ́ yín sàn ju kí wọ́n máa sọ ní Ìtòkú pé ẹ jẹ owó aláró lọ. Bí ẹ bá fẹ́ kó gba ọwọ́ yín, ẹ ya àkáǹtì sọ́tọ̀ fún un, kí ẹ kọ rìsíìtì tirẹ̀ yàtọ̀ sí ti oúnjẹ, kí ẹ sì san án láàárín ọjọ́ mẹ́ta.

Ìwé àdéhùn

Ojú ìwé kan tó. Kò dìgbà tí lọ́yà bá kọ ọ́, ṣùgbọ́n ẹ kọ ọ́, kí ẹ̀yin méjèèjì fọwọ́ sí i, kí ẹnì kọ̀ọ̀kan mú ẹ̀dà kan. Bí ìyá aládìrẹ ò bá mọ̀wé, ẹ kọ ọ́ ní Yorùbá, kí ọmọ rẹ̀ tàbí ẹni tó fọkàn tán kà á sétí rẹ̀ kó tó tẹ̀ka. Ohun tó gbọ́dọ̀ wà nínú rẹ̀:

– orúkọ iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, ohun tí wọ́n fi ṣe é, ìwọ̀n rẹ̀, ọdún tí wọ́n ṣe é, iye rẹ̀ àti iye tí kò gbọ́dọ̀ wálẹ̀ jù;
– ọjọ́ tó wọlé àti ọjọ́ tó máa jáde;
– kọmíṣọ̀n, àti ọjọ́ tí owó gbọ́dọ̀ dé;
– ẹni tó máa gbé e wá àti ẹni tó máa gbé e lọ;
– ẹni tó máa san án bó bá bàjẹ́ tàbí bó bá sọnù, àti iye tí wọ́n máa san.

Lọ́jọ́ tí iṣẹ́ bá wọlé, ẹ ya fọ́tò rẹ̀ níwájú, lẹ́yìn àti ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí ẹ fi ránṣẹ́ sí oníṣẹ́ ọnà lórí WhatsApp lójú ẹsẹ̀. Bí igun kan bá ti bàjẹ́ tẹ́lẹ̀, fọ́tò yẹn ni yóò parí ìjà. Bí ilé oúnjẹ yín bá ní ìwé adójútòfò (insurance), ẹ béèrè lọ́wọ́ wọn bóyá ó kan ohun tí kì í ṣe tiyín. Ọ̀pọ̀ ìwé adójútòfò, ohun ìní ẹni tó ń san án nìkan ló ń dáàbò bò.

Ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ onílé oúnjẹ ò mọ̀. Òfin Copyright ti ọdún 2022, tí wọ́n buwọ́ lù ní 2023, fi ẹ̀tọ́ àtẹ̀jáde sọ́wọ́ ẹni tó ṣe iṣẹ́ náà. Pé àwòrán wà lára ògiri yín, àní pé ẹ ti rà á pàápàá, kò fún yín láṣẹ láti tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé oúnjẹ, sára ike tàbí sára tíṣẹ́ẹ̀tì àwọn òṣìṣẹ́ yín. Bí ẹ bá fẹ́ fi fọ́tò rẹ̀ polówó, ẹ gba ìyọ̀ǹda, kí ẹ kọ ọ́ sínú ìwé àdéhùn, kí orúkọ oníṣẹ́ ọnà sì máa wà lábẹ́ rẹ̀ ní gbogbo ìgbà.

Gbígbé e kọ́

Ẹ má fi ìṣó kọnkéré lu ògiri níbi tó bá ṣáà ti wù yín. Búlọ́ọ̀kù wa ní ihò nínú, sìmẹ́ńtì orí rẹ̀ lè tú dànù lálẹ́ ọjọ́ kan, kí àwòrán já lé orí ẹni tó ń jẹun. Ẹ fi dírílì lu ú, kí ẹ ki fíṣà, ike tó máa ń di síkúrù mú nínú ihò, bọ̀ ọ́, kí ẹ tó de síkúrù mọ́ ọn. Ojú ibi méjì ni kí ẹ gbé fúrémù ńlá kọ́, nítorí pé ojú kan ṣoṣo ló ń jẹ́ kó máa wọ́. Èyí tó tún dára jù ni kí ẹ ní kí wẹ́dà de irin gbọọrọ mọ́ òkè ògiri nísàlẹ̀ síìlì, kí ẹ máa fi ṣéènì tàbí wáyà sọ àwòrán kọ́ lára rẹ̀. Ẹ ná owó lẹ́ẹ̀kan, ẹ ò sì ní lu ihò tuntun mọ́ nígbàkígbà tí ẹ bá pààrọ̀ iṣẹ́.

Ní ti gíga, àárín àwòrán ló ṣe pàtàkì. Àwọn gálárì máa ń fi í sí nǹkan bíi 145 sí 150 sẹ̀ǹtímítà láti ilẹ̀, torí ojú ẹni tó dúró ni wọ́n ń wò. Níbi tí èèyàn ti ń jókòó, ẹ lè sọ ọ́ kalẹ̀ díẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀yìn àga bá fara ti ògiri, ẹ ní kí ẹni tó ga jù nínú àwọn òṣìṣẹ́ yín jókòó síbẹ̀, kó fẹ̀yìn tì. Bí orí rẹ̀ bá kan fúrémù, ẹ gbé e sókè. Ìpara orí kì í tètè kúrò lára kánfáàsì. Ẹ fi ìdérí kọ́ọ̀kì kéékèèké tàbí rọ́bà lẹ ẹ̀yìn igun fúrémù méjèèjì tó wà nísàlẹ̀, kí afẹ́fẹ́ máa gba àárín òun àti ògiri kọjá. Àdìrẹ ní tirẹ̀, ẹ má kàn án ní ìṣó. Ẹ rán ojú òkè rẹ̀ bí ojú kọ́tìnì, kí ẹ fi ọ̀pá igi bọ̀ ọ́.

Iná LED tó pọ́n díẹ̀, tí kì í gbóná, ló yẹ. Ẹ tàn án, kí ẹ lọ jókòó sórí àga oníbàárà wò ó. Bí iná bá ń tàn padà lára gíláàsì sí yín lójú, ẹ yí i.

Káàdì, àti ẹnu àwọn òṣìṣẹ́

Káàdì kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan: orúkọ oníṣẹ́ ọnà, orúkọ iṣẹ́, ohun tí wọ́n fi ṣe é, àti iye rẹ̀. Ẹ má fi iye pamọ́. Oníbàárà tí kò bá rí iye yóò rò pé kì í ṣe títà, tàbí kí ojú máa tì í láti béèrè.

Èyí tó ń tajà jù káàdì lọ ni ọmọ tó ń gbé oúnjẹ. Ẹ pe oníṣẹ́ ọnà wá láàárọ̀ ọjọ́ kan kí èrò tó dé, kó bá àwọn òṣìṣẹ́ yín sọ̀rọ̀ nípa iṣẹ́ rẹ̀. Kí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn lè sọ gbólóhùn méjì péré: “Ìyá kan ní Ìtòkú ló ṣe é, mà. Ìyẹ́ adìẹ ni wọ́n fi ya gbogbo èyí tí ẹ̀ ń wò yẹn.” Bí oṣìṣẹ́ bá sì ta ọ̀kan, ẹ fún un ní nǹkan nínú kọmíṣọ̀n yín. Ẹ óò rí i bí ọ̀rọ̀ àwòrán ṣe máa dùn lẹ́nu rẹ̀. Ẹ tún kọ́ wọn pé aṣọ tútù tí wọ́n fi ń nu tábìlì kò gbọ́dọ̀ kan iṣẹ́ kankan. Èyí gan-an ni kí ẹ tẹnu mọ́, nítorí pé ẹni tó fẹ́ràn ìmọ́tótó jù nínú wọn ló máa fi ọṣẹ nu àwòrán.

Ọjọ́ tí ẹ óò ṣí i, ẹ má náwó púpọ̀. Ìrọ̀lẹ́ kan, ìpápánu àti zóbò, kí oníṣẹ́ ọnà wà níbẹ̀ pẹ̀lú àwọn èèyàn rẹ̀. Bí ẹ bá lè mú un bọ́ sí ọ̀sẹ̀ Lísàbí, nígbà tí àwọn ọmọ Ẹ̀gbá ń wálé láti ẹ̀yìn odi, ó dára bẹ́ẹ̀.

Nígbà tó bá tà, àti nígbà tí kò bá tà

Bí iṣẹ́ bá tà, ẹ fi àmì pupa sára káàdì rẹ̀, kí ẹ bẹ ẹni tó rà á pé kó jẹ́ kó wà níbẹ̀ títí oṣù yóò fi pé. Púpọ̀ wọn máa ń gbà. Bí kò bá gbà, ẹ di í fún un dáadáa, kí ẹ sì pe oníṣẹ́ ọnà lọ́jọ́ náà kó lè gbé òmíràn wá, kí ògiri má ṣófo. Bí ẹni tó rà á bá fẹ́ gbé e kọjá sí òkè òkun, pàápàá bó bá jẹ́ ère igi tó jọ ti àtijọ́, ẹ ní kó lọ gba ìwé lọ́wọ́ àjọ tó ń mójú tó mùsíọ́mù àti ohun ìṣẹ̀ǹbáyé, NCMM, kó tó dé pápákọ̀ òfuurufú. Òfin ò gbà kí wọ́n kó ohun àtijọ́ jáde láìgbàṣẹ, àwọn aṣọ́bodè sì lè dá ère tuntun dúró bí kò bá sí ìwé tó fi hàn pé tuntun ni.

Bí kò bá tà, ẹ má fi í sílẹ̀ síbẹ̀ títí di ọdún tó ń bọ̀. Oṣù méjì sí mẹ́ta tó fún àtẹ kan. Lẹ́yìn náà, ojú àwọn oníbàárà yín kì í rí i mọ́. Ẹ pe oníṣẹ́ ọnà ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú, kí ẹ jọ mú fọ́tò ọjọ́ tó wọlé, kí ẹ fi yẹ iṣẹ́ náà wò ní igun kọ̀ọ̀kan, kó fọwọ́ sí i pé òun gbà á padà pé pérépéré. Ẹ sọ fún un ohun tí àwọn èèyàn sọ nípa iṣẹ́ rẹ̀, àti èyí tí wọ́n béèrè iye rẹ̀ tí wọn ò rà. Lẹ́yìn náà, ẹ béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ ta ló mọ̀ tí ọwọ́ rẹ̀ dára, tí ẹ lè lọ bá fún àtẹ tó kàn.